Àdàbà Atọ́kùn Ètò àti Ẹ̀pà Àwọn Olùgbọ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ṣé ẹ ti sùn ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹn-ẹ́n. Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ní rédíò. Ẹ má bi mí bó ṣe dénú igbó o. Lírọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti oko dé, gbogbo wọn á tẹ́tí sí Àdàbà, atọ́kùn ètò orin àtijọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn àwo orin tí wọ́n gba ohùn àwọn àgbà sí wà. Àdàbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á ní, "Ìyá Ètu ló kọ èyí, lọ́dún tí òjò pẹ́ kó tó rọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́." Á gbé àwo sí i, á dákẹ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń fò látorí igi dé orí igi ni àwọn olùgbọ́ fi ń ránṣẹ́ sí i. "Bá wa sọ fún Àdàbà pé ó ṣeun o." Wọ́n á sì fi ẹ̀pà lé e lọ́wọ́.

Kí ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe? Ó jẹ ẹ̀pà, ó jẹ ọpẹ́ mọ́ ọn! Kò tún tó o. Ó ní, "Bí mo bá ń fi ẹnu ara mi tọrọ ẹ̀pà nínú rédíò, ṣé kò ní í pọ̀ ju báyìí lọ?"

Bí Àdàbà bá ti béèrè pé, "Kí ni wọ́n wí?" Ọ̀kẹ́rẹ́ á mi orí.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní tí àwọn bá ti gbọ́ ohùn yín, oorun ló ń kun àwọn. Wọ́n ní àwo yín ti gbó, ó ń ha àwọn létí."

Ó dun Àdàbà wọra. Kò sí iṣẹ́ tó fẹ́ràn tó èyí. Ó ní, "Bí wọn ò bá fẹ́ mi mọ́, kí n kúkú lọ." Ó sunkún, ó kó lọ sí òdìkejì odò.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí àga. Orin kì í tíì dé ẹsẹ̀ kejì tí á fi já lù ú. "Ẹ̀yin olólùfẹ́ mi! Èmi Ọ̀kẹ́rẹ́ ni o! Erin, ẹ̀pà yín dà?" Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, kárá-kárá-kárá.

Àṣà kan wà nílùú wọn. Ẹni tó bá fi ìkíni rán ẹlòmíì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ béèrè bóyá ó dé, kí iṣu tuntun tó jáde. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti gbàgbé. Ètu kò gbàgbé. Ó wá Àdàbà lọ.

"Àdàbà, ṣé ẹ̀pà mi ò dùn ni?"

"Ẹ̀pà wo?"

"Ọpẹ́ mi ńkọ́? Látìgbà tí ìyá mi ti kú, inú ètò rẹ nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn wọn. Ọ̀sẹ̀ kan ò kọjá kí n má ránṣẹ́ ọpẹ́ sí ọ."

Omi bọ́ lójú Àdàbà. Ó ro gbogbo ohun tí Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ fún un.

Ètu pe gbogbo ẹranko jọ, wọ́n tẹ̀ lé Àdàbà lọ sílé rédíò. Àwo kan ń yí lọ́wọ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń pariwo lé e lórí. Èèpo ẹ̀pà ga dé orókùn Erin.

Erin ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, orin ta ni èyí?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wòkè, ó wolẹ̀. Ẹ̀pà kún ẹnu rẹ̀ bámú. Kò mọ̀. Kò tíì gbọ́ ẹyọ kan rí nínú orin tó ń gbé sí i.

Ètu ní, "Ìyá mi nìyẹn. Ìyá mi lò ń pariwo lé lórí."

Wọ́n lé Ọ̀kẹ́rẹ́, ló bá sáré gungi. Títí dòní ló ń pariwo níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fún un lẹ́pà.

Àdàbà padà sórí àga. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tọmọdé tàgbà. Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Mo ti rò pé igi ni mò ń bá sọ̀rọ̀." Ó dá àwo ìyá Ètu padà síbẹ̀rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́." Ó dákẹ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ mú un relé: ẹni tó bá ṣe ohun tó dùn mọ́ ọ, fi ẹnu ara rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ dákẹ́ gbọ́ mi. Àyìnkẹ́, ìwọ tó ti ń jẹ ẹ̀pà látìbẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ kárá-kárá tìrẹ náà o.