Òtílí Tó Tanná Tí Kò So

Ọkùnrin kan ń sin àgùntàn ní abúlé kan létí odò. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn bí kó rí wọn tí wọ́n ń jẹun. Òtílí, irú ẹ̀wà kan, ló ń gbìn fún wọn nítorí ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n òtílí a máa pẹ́ kó tó tanná, òjò ọdún tó kọjá sì ti dá kí tirẹ̀ tó so. Irúgbìn tó kù nílé kò kún igbá. Bí èyí náà bá kùnà, kó máa fa àgùntàn lọ sọ́jà ló kù.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ọ̀gbìn. Ó fún un ní omi oògùn tí wọ́n ń fín sí ewé kí òdòdó lè yá, ó sì fún un ní ìyẹ̀fun dúdú kan.

Ó ní, "Bàbá, ẹ fi èyí pa irúgbìn lára kí ẹ tó gbìn ín. Olú kékeré tí ojú ò lè rí ló wà nínú rẹ̀, ó sì wà láàyè o. Ara gbòǹgbò ló máa so mọ́, á máa bá a wá oúnjẹ nínú ilẹ̀."

Inú ọkùnrin náà dùn, ó dúpẹ́ títí.

Ní abúlé wọn, wọn kì í gbin nǹkan láìfi oògùn pa á lára, èyí tó ń pa èèrà àti ohun tó ń mú irúgbìn rà. Bàbá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ìyẹ̀fun pa irúgbìn tán, ó tún da oògùn lé e. Oògùn tán kó tó kan ìwọ̀nba tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbìn sẹ́yìn ilé. Ìyàwó ní kò burú, ó gbin tirẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó fín omi oògùn, gbogbo rẹ̀ tanná kíákíá. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Kò pẹ́, òdòdó oko rẹ̀ wọ́ dànù láìso. Ti ẹ̀yìn ilé so wìtìwìtì.

Ó ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́bìnrin náà, ó ròyìn gbogbo ohun tó ṣe. Ìyẹn rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àlejò tí mo mú wá ràn yín lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà lẹ ti fi oògùn èèrà pa á. Òdòdó yá, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ò rí oúnjẹ fún un."

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi," ni ó wí.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá ẹlẹ́ran, ẹ kú oríire tí oògùn yín ò kan tèmi."

Ọkọ náà rẹ́rìn-ín, nítorí irúgbìn ẹ̀yìn ilé ti tó èyí tí wọn yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, àgùntàn kankan kò sì ní lọ sọ́jà.

Ìyá wa, ẹ̀yin ni mo ń pa ìtàn yìí fún. Ẹ ti bẹ Ọlọ́run fún ìyàwó tí yóò tọ́jú ọmọ yín, ó sì ti dé. Ẹ wá ń ti ilé ìdáná mọ́ ọn, ẹ ń ka ẹran inú ìkòkò, torí pé bí ìyá ọkọ yín ti ṣe fún yín nìyẹn. Ẹ má pa olùrànlọ́wọ́ yín. Ẹ lọ fún un ní kọ́kọ́rọ́ lónìí.