Awọ Ojú Gòjé

Ẹni tó bá fẹ́ gba ohun olóhun, kó kọ́kọ́ rántí èèwọ̀ ilé ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ọkọ Àwẹ̀ró, Balógun Oyèéwọlé gbé gòjé àtijọ́ tí olóògbé ní kí wọ́n fi kọrin lórí sàréè òun lé itan. Ó ní bí opó náà kò bá lè sọ ẹni tó ṣe é àti ọdún tó ṣe é, ó ti di ti òun. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Bàbá, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá tó bí bàbá yín ni. Ọdún tí wọ́n joyè ni wọ́n ṣe é." Ẹnu Balógun fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. "Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ gbọ́? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ o!" "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Awọ awọ́nríwọ́n ló sì wà lójú rẹ̀. Ẹni tó ṣe gòjé ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ bó ẹran náà. Ẹni tó bá sì fọwọ́ kan awọ́nríwọ́n nílé yín, oyè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ètùtù wo ni bàbá àgbà ṣe?" Gbogbo àgbà wo àtẹ́lẹwọ́ Balógun lórí awọ náà. Gòjé bọ́ sórí ẹní. "Kì í ṣe bàbá àgbà wa ló ṣe é!" "Ta wá ni, bàbá?" "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?" "Ọdún wo ni wọ́n ṣe é?" "Ṣé wọ́n ti bí mi nígbà náà ni?" "Ẹ ṣeun, bàbá. Wọn ò tíì bí èmi náà." Àwẹ̀ró gbé gòjé, ó fi aṣọ ọ̀fọ̀ nu ojú rẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, gòjé ń ké lórí sàréè. Balógun ṣì ń fomi fọ ọwọ́ rẹ̀.