Fìríìjì Olóyè Gbádégẹṣin

Olóyè kan wà tó ń jẹ́ Gbádégẹṣin, tó kó kọ̀ǹténà fìríìjì àlòkù wọ èbúté láti òkè òkun, gbogbo wọn ti kú, epo dúdú sì ń jò lára wọn. Ó wọ ọ́fíìsì Fẹ̀hìntọlá, obìnrin tí ìjọba fi ṣọ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ó ní: "Ọmọ yìí, lu òǹtẹ̀ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bodè etí aṣálẹ̀ ni màá ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ lọ." Fẹ̀hìntọlá kúnlẹ̀. "Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi já Olóyè nírọ́? Bí wọ́n ṣe dára tó yìí, Bàbá, ẹ ò ṣe fi ọ̀kan ta ilé ìwòsàn aláboyún ẹnu géètì èbúté lọ́rẹ, kí àwọn oníròyìn sì ya fọ́tò yín?" Olóyè fẹ́ràn kámẹ́rà ju oúnjẹ lọ; ó ti ń tún agbádá ṣe. Níwájú àwọn nọ́ọ̀sì àti oníròyìn, wọ́n ki wáyà fìríìjì bọ iná. Kò dún. Wọ́n gbé òmíràn wá, òun náà kò dún. Ẹ̀kẹta rú èéfín. Gbogbo ojú yí sí Olóyè. Fẹ̀hìntọlá rọra bi í pé, "Bàbá, àbí àwọn òyìnbó ló lù yín ní jìbìtì ni?" Olóyè sáré gba ọ̀nà àbáyọ yẹn: "Àwọn ni o! Pàǹtí ni wọ́n kó rán sí mi!" "Olóhun ló sọ ọ́ yẹn," ni Fẹ̀hìntọlá wí, ó sì lu òǹtẹ̀ níbẹ̀ pé pàǹtí ni, kí wọ́n dá a padà síbi tó ti wá. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ fún akọni tó kọ pàǹtí òyìnbó, Olóyè sì ní kí wọ́n lọ ra fìríìjì tuntun wá fún wọn, nítorí kámẹ́rà ṣì ń wò ó.