Ilẹ̀kùn Kíláàsì Àṣàbí

Ta ló kì mí láyà lọ́jọ́ náà? Mi ò tíì mọ̀ dòní. Bàbá Lásísì káfíńtà ń kan ilẹ̀kùn kíláàsì ọmọ mi, ó ń ṣí sínú. Bẹ́ẹ̀, nínú àwòrán ilé tó tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, síta ni wọ́n yà á sí.

"Bàbá, bí iná bá sọ, tí àwọn ọmọ rọ́ lù ú ńkọ́?"

"Ìyá Àṣàbí! Oṣù méjì ní kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà àwọn àgbà, o ti di ẹnjiníà!"

Síbẹ̀, ó lọ bi ẹni tó ya àwòrán náà. Ó dé, ó yí ilẹ̀kùn padà. "Abèèrè kì í ṣìnà," ló wí.

Nígbà ọyẹ́, iná sọ lóòótọ́. Àwọn ọmọ taari ilẹ̀kùn síta, gbogbo wọn jáde, tèmi pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé, látọdún tó ti ń kan ilẹ̀kùn, Bàbá ò mọ àwòrán ilé kà. Ọjọ́ tí mo bi í léèrè yẹn lòun náà kọ́kọ́ béèrè.