Ohùn Kejìlá Lórí Ọ̀pẹ

Imọ̀-ọ̀pẹ-ń-jó-lókè, awo Àdìgún. Atẹ́gùn-kì-í-rẹ̀, awo ilé wọn. Àwọn ni wọ́n dífá fún Àdìgún akọ̀pẹ, ní ọjọ́ tí ó ń dá gun ọ̀pẹ, tí ó ń dá sọ̀, tí kò sẹ́ni tí ń bi í pé ṣé ó délé.

Ẹ̀rù ló gbé e lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀ lókè láàárín oṣù kan. Ó ní, "Ẹ̀yin baba, ṣé mo máa dàgbà báyìí?"

Wọ́n ní yóò dàgbà, ṣùgbọ́n kí ó rúbọ: àkùkọ kan, obì, àti igbà tuntun tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Kí ó gbé e lọ fún ẹgbẹ́ akọ̀pẹ, kí ó sì wọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ pàápàá wà nínú ẹbọ náà.

Àkùkọ kò ṣòro. Ti ohùn yìí ló le. Bí ẹ bá kí Àdìgún, imú ló fi ń dáhùn! Bẹ́ẹ̀ sì ni akọ̀pẹ mọ́kànlá tó wà nínú ẹgbẹ́ ní àṣà kan. Bí ẹnì kan bá gòkè tán láàárọ̀, yóò ké pé, "Mo wà o!" Àwọn yòókù á dáhùn láti orí ọ̀pẹ tiwọn pé, "A gbọ́!" Àdìgún a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ariwo adìyẹ ni.

Síbẹ̀, ó gbé ẹbọ náà lọ síwájú Baba Ṣówándé, olórí ẹgbẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ṣé wàá máa ké?"

"Màá ké, Baba."

"Ké e ká gbọ́."

Ó ké e bí ọmọ ẹyẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì gbà á. Nígbà tó yá, inú rẹ̀ a máa dùn ṣìnkìn bí ohùn mọ́kànlá bá dá a lóhùn.

Ní oṣù kẹta, Àdìgún gun ọ̀pẹ gíga kan létí odò. Kò tíì ké tí ó fi kan ilé agbọ́n. Háà! Agbọ́n bò ó! Wọ́n ta á létè, wọ́n ta á láhọ́n. Níbi tí ó ti ń fi àdá lé wọn, ó ṣèèṣì gé igbà. Ó fò mọ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro. Ó fẹ́ pariwo, ohùn ò jáde.

Lódìkejì odò, Baba Ṣówándé ka ohùn títí dé mọ́kànlá. Ó dúró de ìkejìlá, kò gbọ́ ọ.

"Àdìgún dà?"

Wọ́n wo òdìkejì, wọ́n rí i tí ó so rọ̀ lókè ọ̀pẹ. Eré dé! Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọ́dò láìbọ́ṣọ. Wọ́n fi èéfín lé agbọ́n, ẹni méjì gòkè, wọ́n so Àdìgún mọ́ra, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹgbẹ́ ló bá a kọ ọ̀pẹ rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi le.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ijó ni Àdìgún ń jó, ayọ̀ ni ó ń yọ̀. Ó fẹ́ yin àwọn awo rẹ̀, kí àwọn awo rẹ̀ yin Ifá, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ wú bí àkàrà. Ni àwọn mọ́kànlá bá gba orin náà kọ fún un:

Wọ́n ní kó rúbọ, ó rú u,
Wọ́n ní kó wẹ́gbẹ́, ó wọ̀ ọ́,
Ó gbọ́ ìmọ̀ràn, ire kò fò ó,
Ẹ wá wò ó láàyè láàárín wa!