Bíríkìlà àti Ẹnu Ọmọ Rẹ̀

Bíríkìlà kan wà létí odò Ọya tí ògiri rẹ̀ kì í wọ́. Ọmọ Yorùbá ni òun, Tápà ni ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó bí ọmọbìnrin kan, Ìbídùn, inú bàbá dùn débi pé ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ náà gún régé bí iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìpìlẹ̀ kan là ń gbẹ́ fún ilé kan. Yorùbá ni kí á kọ́kọ́ fi lélẹ̀ fún ọmọ yìí. Tó bá gbẹ dáadáa, o lè wá mọ Tápà lé e lórí."

Ìyàwó gbà, nítorí kò fẹ́ ìjà. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó gbọ́ kò ju ti ọjà lọ, kí sì ni èèyàn fẹ́ fi Yorùbá ọjà bá ọmọ ọwọ́ sọ? Ó ń fún un lọ́mú, ó ń wẹ̀ ẹ́, kò sọ̀rọ̀. Orin tí ìyá tirẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà kan wà lọ́nà ọ̀fun, ó ń gbé e mì.

Bàbá ní tirẹ̀ kò sinmi. Bí ọmọ bá nawọ́ sí ife omi, tó ní "bu, bu," á gbé ife sókè: "Omi là ń pè é. Pè é dáadáa kí n tó fún ọ." Ọmọ á sọkún. Nígbà tó yá, kò wí "bu" mọ́. Ó pé ọdún méjì, kò sọ nǹkan kan. Oorun dá lójú bíríkìlà. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, àbí odi ni mo bí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí ìyá ìyàwó fi dé láti òdìkejì odò, pẹ̀lú agbọ̀n ẹja gbígbẹ. Ìyá yìí kò gbọ́ Yorùbá rárá, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Láti àárọ̀ ló ti ń bá Ìbídùn sọ Tápà: ọ̀rọ̀ ẹja, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ọ̀rọ̀ òjò tí kò tíì rọ̀. Kí ọmọ tó nawọ́ tán, ìyá ti bu omi fún un. Bó bá wí wúruwùru, ìyá á dá a lóhùn bí ẹni pé àgbà méjì ló jókòó.

"Bá mi sọ fún màmá kí wọ́n rọra," bíríkìlà bẹ ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Àna yín ni wọ́n. Ẹ lọ sọ fún wọn fúnra yín."

Ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ tán, tí yóò tún ní kó pa ẹnu mọ́? Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí i, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹta tí ìyá àgbà dé, bíríkìlà ń po sìmẹ́ńtì lẹ́yìnkùlé. Ìyá àgbà sọ gbólóhùn kan ní Tápà láti ilé ìdáná. Ìbídùn jáde, ó ń rìn tàgétàgé, ó di ṣòkòtò bàbá rẹ̀ mú.

"Bàbá, wá jẹun."

Kò fi ọ̀wọ̀ kún un, bàbá kò sì rántí bá a wí. Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló ní kí n wá?"

"Ìyá àgbà." Ọmọ yí padà, ó sì fi Tápà jíṣẹ́ fún ìyá àgbà pé bàbá ń bọ̀.

Gbogbo Yorùbá tí bàbá rò pé kò wọlé, ọmọ ti kó o jọ. Ẹni tí yóò dá a lóhùn ló ń dúró dè. Bíríkìlà gbé e sórí èjìká tòun ti sìmẹ́ńtì ọwọ́, ó ń jó lọ sí ilé ìdáná. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, "Jọ̀ọ́, kọrin fún un." Orin ọdún méjì ni obìnrin náà kọ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Tápà, ọmọ Haúsá, ọmọ Yorùbá, bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń mọ ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n á gbọ́ títí, wọ́n á ṣì í sọ, ẹnìkan á sì fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn.

Ìwọ arákùnrin tí a fi ṣe olórí ẹgbẹ́ àdúrà, ìwọ ni mò ń bá wí. O ń dá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dúró láàárín àdúrà, o ń tún ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní kí ẹnìkan gbàdúrà, gbogbo wọn dorí kodò. Àdúrà kò tán nínú wọn o. Ìwọ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Lọ́la, bí ìyá Ìgbómìnà tó wà lára wọn yẹn bá fi èdè ilé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àdúrà tirẹ̀, tó ṣì í, tó tún un bẹ̀rẹ̀, fi í sílẹ̀. Bó bá parí, kí ohùn tìrẹ kọ́kọ́ ṣe àmín.