Ìpè Láti Ẹnu Géètì

Ọkùnrin kan wà ní ilé ìwòsàn ńlá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa gbé tẹlifóònù nígbà tí àwọn ará ilé aláìsàn bá pè. Nọ́ọ̀sì nìkan ni òfin gbà láyè láti sọ bí ara aláìsàn ti rí. Nítorí náà, ọkùnrin yìí á ní, "Ẹ dúró ná," á tẹ bọ́tìnì tí ń mú kí ẹni tó pè dúró lórí ìlà, á sì ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kì í tètè dé, torí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà. Kí ó tó dé, ìpè á ti já.

Ìyá àgbàlagbà kan ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀nà sì jìn, kò lè wá. Ojoojúmọ́ ló ń pè, ojoojúmọ́ ni ìpè ń já. Lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Bí ọmọ mi bá ti kú, ẹ sọ fún mi. Ẹ yé pa fóònù mọ́ mi létí."

Ọkùnrin náà kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Ó yẹ okùn wò láti ara ògiri dé ìdí ẹ̀rọ. Ó lọ gbé ẹ̀rọ yàrá kejì wá sórí tábìlì tirẹ̀, ìpè ṣì ń já. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ wá, ó tú u, ó dì í padà, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Gbogbo ohun tó wà nínú ilé ni wọ́n ti yẹ̀ wò tán. Ó ku ìta.

Ó ní kí obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó sórí àga òun. Ó jáde lọ sí ẹnu géètì, ó fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ pè é.

"Ẹ dúró ná, sà," ni obìnrin náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Kò sí ohùn, kò sí orin. Ọkùnrin náà ní, "Hẹ́lò? Hẹ́lò?" Ó rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ó pa á.

Obìnrin náà yọjú lójú fèrèsé. "Bọ̀dá, ó tún ti já o!"

"Kò já. Èmi ni mo pa á."

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé mo wà níbí náà lẹ pa á?"

"Èmi tí mo mọ̀."

Bí ẹnìkan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin yìí, kò ní kọjá lára onítọ̀hún kó má kí i kú ìdúró. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dúró lórí fóònù, kò kí wọn rí.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà pè. Ọkùnrin náà ní kó dúró, ó ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì, ó sì tètè padà sórí ìpè. "Màmá, ẹ kú ìdúró o. Wọ́n ń bọ̀." Ó lọ, ó tún padà. "Màmá, ẹ kú ìdúró."

"Mo wà ńbí, ọmọ mi. N kò lọ síbì kankan."

Nọ́ọ̀sì dé. "Màmá, ọmọ yín ti ń jókòó. Àkàrà ló ń bèèrè láti àárọ̀."

Ìyá náà pariwo ẹ̀rín. "Àkàrà! Ọmọ mi ni lóòótọ́!"

Ìwọ náà ńkọ́, tí o ní kí àwọn òbí ọmọbìnrin tí o fẹ́ fẹ́ dúró dè ọ́, tí o wá ń ráhùn pé wọn kò ní sùúrù? Mo mọ̀ pé ò ń sáré kiri kí ìgbéyàwó náà lè ṣeé ṣe. Àwọn kò mọ̀. Pè wọ́n nírọ̀lẹ́ yìí. Bí o kò bá tíì lè dá ọjọ́, ṣáà kí wọn kú ìdúró. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀.